Ife Ọtí Tí Wattie Duguid Kọ̀

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ọkùnrin ìlú Ballindour jáde síta kí wọ́n lè mú ẹni tí orí rẹ̀ kunkun jù lọ nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò ní í wulẹ̀ wọ bàtà. Inú ilé ni wọ́n ti máa pariwo pé, "Wattie Duguid ni!" wọ́n á sì padà sídìí oúnjẹ wọn.

Wattie ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n Torranmore ló ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ilé ìpọntí wisikí tó wà létí odò Spey ní ilẹ̀ Scotland, níhà àríwá odò náà. Ìdí ìkòkò bàbà ló ń jókòó sí, ìkòkò tó ga ju ilé ẹlòmíràn lọ. Ọtí tó bá kọ́kọ́ sun jáde nínú ìkòkò yẹn, orí ni wọ́n ń pè é. Ó mú, ó lè fọ́ni lójú, wọn kì í mu ún. Èyí tó bá kẹ́yìn, ìrù ni. Ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá. Èyí tó wà láàárín nìkan, tí wọ́n ń pè ní ọkàn, ni wọ́n ń rọ sínú àgbá. Wattie ló ń gé e. Á gbé imú síbẹ̀, á ní, "Ó yá!" wọ́n á gbà á. Á tún ní, "Ó tó!" wọ́n á dá a dúró. Kò ṣì í gé rí.

Níhà gúúsù odò kan náà ni Kinvarrich wà, ilé ìpọntí kejì. Òjò kan náà ló ń pa wọ́n, ọkà kan náà ni wọ́n ń sè, àlùfáà kan náà ló ń sin òkú wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ rí ìjà ọ̀fẹ́, sọ fún ará Torranmore pé wisikí Kinvarrich dùn. Ọmọ Torranmore kì í mu Kinvarrich, ọmọ Kinvarrich kì í mu Torranmore. Afárá wà láàárín wọn: èèyàn ń gbà á kọjá, àgùntàn ń gbà á kọjá, òfófó ò tilẹ̀ dúró gba afárá, fífò ló ń fò ó. Ọtí nìkan ni kì í kọjá.

Nígbà tí ìkòkò bàbà Torranmore gbó, alágbẹ̀dẹ gbé tuntun dé, ó ń dán, ó jọ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wattie yí i po, ó ní, "Kò pé." Alágbẹ̀dẹ ní, "Kí ló kù?" Wattie nawọ́ sí ìkòkò àtijọ́, níbi tí àkàbà kan ti wó lù ú láyé bàbá bàbá rẹ̀, tó sì tẹ̀ wọnú. Ó ní bí tuntun náà kò bá tẹ̀ níbẹ̀ gẹ́lẹ́, adùn ọtí á yí padà. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ẹ̀ sunkún. Ó gbé òòlù, ó lu iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, gbàà! gbàà! títí ó fi tẹ̀. Wattie ló di àtùpà mú fún un. Irú èèyàn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó ń mu. Wọ́n ń ṣe ìrìbọmi ọmọ, Torranmore. Wọ́n ń sìnkú, Torranmore. Eyín ń dùn ún, Torranmore ló fi ń yọ ẹnu.

Ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó jókòó nílé ọtí Senga Petrie pẹ̀lú Dod Geddes, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ẹni tó ń kan àgbá ní Torranmore kó tó fẹ̀yìn tì. Senga ń nu ife. Obìnrin yìí kì í dédé sọ̀rọ̀, àfi bó bá ti rí ibi tó máa fi gún èèyàn.

"Bọ̀ọ̀dá Wattie, ẹ ti gbọ́ pé Ìyá Grassick ti ta ilé?"

"Ìyá Grassick wo?"

"Ìyá Grassick mélòó la ní? Ishbel ni. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní New Zealand. Ọmọ yẹn ti bímọ, ó ní kí ìyá òun máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ àwọn."

"New Zealand!" Dod mi orí. "Níbi tí wọ́n ti ń dorí kodò rìn. Wọ́n ní téèyàn bá bu ọtí níbẹ̀, òkè ló ń dà sí."

Dod rẹ́rìn-ín, Senga rẹ́rìn-ín. Ife Wattie ti dúró lójú ọ̀run. Kò dé ẹnu, kò padà sórí tábìlì.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó dá ife náà dúró.

Nígbà tí Wattie wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, tí irun orí rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, òun àti Ishbel máa ń pàdé lórí afárá. Ọmọ Kinvarrich ni Ishbel; bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú àgbá níbẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹja inú odò á yọjú wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Wattie, wá sílé wa lọ́jọ́ ọdún tuntun, kí bàbá mi rí ọ."

Ọjọ́ ọdún tuntun kì í ṣe ọjọ́ yẹpẹrẹ níbẹ̀. Àlejò á mú èédú kan dání, kí iná ilé má baà kú. Á mú ìgò tirẹ̀ náà dání. Onílé á bu ife kan fún un, àlejò á sì mu ún gbẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tó bá kọ ife lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọtí ló kọ̀. Ó kọ ilé, ó kọ iná inú ilé, ó kọ gbogbo ẹni tó jókòó yí iná náà ká.

Wattie dé. Ó gé irun, ó so táì. Ishbel fúnra rẹ̀ ló gbé ife wá. Bàbá rẹ̀ dúró, ìyá rẹ̀ dúró, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ọrùn wọn tó itan màlúù dúró. Wattie gba ife. Imú rẹ̀, imú tí kì í ṣì í gé, sọ fún un pé Kinvarrich ni. Ó gbé e padà fún ọmọbìnrin náà, ó ní:

"Rárá o, kì í ṣe èyí. Ṣé ẹ ò ní Torranmore ni?"

Ajá tó sùn sídìí iná dìde, ó jáde.

Wattie rò pé àwàdà ni. Ó rò pé ìṣòótọ́ ni. Nígbà tó sọdá afárá padà tó ròyìn, àwọn ọmọ Torranmore gbé e sórí èjìká, wọ́n gbé e yí ìlú ká, wọ́n ń kọrin. Kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Ishbel ti fẹ́ Alec Grassick, tíṣà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í kọ ohun tí wọ́n bá bù fún un, ìbáà ṣe ọ̀dà. Wattie kò fẹ́ ẹnì kankan. Ó mọ bí a ṣe ń gé orí, ó mọ bí a ṣe ń gé ìrù. Lọ́jọ́ yẹn, ọkàn gan-an ló gé dànù.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé lórí afárá, Wattie á ní, "Òtútù mú o." Ishbel á ní, "Ó mú lóòótọ́." Ó parí. Nígbà tí tíṣà kú, Wattie lọ síbi ìsìnkú, ó dúró sẹ́yìn igi títí gbogbo èèyàn fi ń lọ. "Òtútù mú o." "Ó mú lóòótọ́." Oṣù Keje sì ni, ìgbà tí ooru ń mú jù lọ níbẹ̀.

Wàyí o, ní ilé ọtí Senga, Wattie gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Senga, ṣé o ní Kinvarrich?"

Dod, tó fẹ́ mu bíà, fi bíà sí imú.

"Kí lẹ wí?" ni Senga bi í.

"O gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ yín. Mo fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà gbọ́ ni."

Senga bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn káńtà, ó yọ ìgò kan tó ń tà fún àlejò jáde, ó bu díẹ̀. Wattie di ojú, ó dà á sẹ́nu. Ẹnu gbà. Ọ̀fun ní rárá. Ọ̀fun tó ti búra láti ìgbà èwe kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹnì kankan ò sì ránṣẹ́ sí i. Fùùù! Gbogbo rẹ̀ tú jáde, ojú Dod Geddes ló sì balẹ̀ sí.

Dod nu ojú. "Ẹ rí i? Ara rẹ̀ ṣì jẹ́ olóòótọ́. Orí nìkan ló ti bàjẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá Wattie," ni Senga wí, "kí lẹ fẹ́ fi Kinvarrich ṣe?"

Wattie wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ lọ gba ife mi."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ife yẹn ní Ballindour. Senga gba ife òfìfo lọ́wọ́ Wattie.

"Kí ẹ lọ sílé obìnrin lọ́jọ́ ọdún tuntun, kí ẹ lọ tu ọtí sí i lójú báyìí? Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kọ̀ ọ́. Ìgbà kejì, ẹ fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́!"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ọ̀fun yín ò rìn dé ibì kankan láyé. Ẹ ò lè jí lójijì kí ẹ bá ọ̀tá jẹun. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ò bá jà. Ilẹ̀ yìí gùn, kò síbi tí wọn ò ti ń pọntí. Ẹ máa bọ̀ lọ́sàn-án."

Báyìí ni Wattie Duguid, tí kò tíì kọjá Elgin, ìlú ńlá tó wà nítòsí wọn, rí, ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò láìkúrò lórí àga.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wọn ni èyí tí Senga kọ́kọ́ bù ti wá, lọ́hùn-ún lápá ààlà England. Ó mọ́ lójú, ó rọ̀ lẹ́nu, ó ń ta sánsán bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ọ̀fun gbà á. Wattie dúró, ó ń retí pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ó ti tán?"

"Kí ló ti tán?"

"Ọtí náà. Ó wọlé, ó kí mi, ó jáde. Kò tilẹ̀ jókòó."

Lọ́jọ́ kejì, ó bu ti erékùṣù Islay, níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ àbàtà, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n sì ń fi èéfín rẹ̀ yan ọkà. Kí ife tó dé ẹnu, èéfín ti ṣíwájú. Wattie fò dìde.

"Senga! Nǹkan ń jó ní kíṣìnnì!"

"Ọtí ni."

"Ọtí?" Ó gbé imú padà síbẹ̀. "Ilé ta ló jó sínú rẹ̀?"

Ó mu ún. Omi òkun, okùn ọkọ̀ ojú omi, oògùn ọgbẹ́ ilé ìwòsàn, gbogbo wọn sáré wọnú ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ti ara wọn gbọ̀ngbọ̀n. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹṣin ni wọ́n ń fi èyí tọ́jú! Gbé e kúrò níwájú mi."

Senga nawọ́ láti gbé e. Wattie di ife mú.

Nítorí pé lẹ́yìn tí èéfín náà rọlẹ̀, adùn kékeré kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ìborùn Ishbel sì wà nínú adùn yẹn. Ọjọ́ kan tí àwọn darandaran ń jó igbó orí òkè, òun àti Ishbel dúró lórí afárá, wọ́n ń wo iná náà. Atẹ́gùn gbé èéfín wọ ìborùn ọmọbìnrin náà, Wattie sì gbé ojú sí i lọ́rùn. Ó ti gbàgbé pátápátá. Torranmore tó ń bá a gbé lójoojúmọ́ kò ní èéfín nínú, báwo ni ì bá ṣe rán an létí? Bí ẹni tó ń gbé yàrá kan tó ní fèrèsé kan ṣoṣo ni, tó ń wo igi kan náà láti àárọ̀ ọjọ́, tó ń sọ pé òun mọ ayé.

Ó nu ojú. Ó ní, "Tún bù sí i."

"Èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹṣin?"

"Ẹṣin ń ṣàìsàn, Senga. Bu ọtí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ti Campbeltown, ìlú etí òkun, ní iyọ̀ àti òróró nínú. Wattie ní ó dà bí ẹni ń lá bàtà apẹja, ṣùgbọ́n apẹja tó bá ojú rere Ọlọ́run pàdé. Òmíràn wà tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá tí wáìnì Spain ti gbé inú rẹ̀ rí, ó pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà, ó dùn bíi kéèkì Kérésìmesì. Ìyẹn ló mú un mu ọtí tán kó tó rí i pé òun ti ń wo àga òfìfo tó kọjú sí òun. Ó dìde, ó wọ fìlà, ó lọ sílé.

Gbogbo ìgbà wọ̀nyí, Dod Geddes kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Àga rẹ̀ ló ń fà súnmọ́ tòsí, kí èébú má baà jìnnà.

"Ọ̀dàlẹ̀! Ìsàlẹ̀ lánàá, Islay lónìí. Lọ́la, a óò bá ọ níbi tí o ti ń mu ti àwọn ará England!"

"Dod, fi mí sílẹ̀."

"Bàbá rẹ ti yí padà nínú sàréè. Bó bá tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i, á jáde níhà Kinvarrich!"

Ọjọ́ tí Senga bu ti erékùṣù Orkney, Dod fò dìde. Ó já ife gbà lọ́wọ́ Wattie. "Ó tó gẹ́ẹ́! Iná ni mo máa da èyí sí!" Ó gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n akanàgbá ni Dod, kò sì sí akanàgbá tó lè da ọtí nù láìmọ irú igi tí wọ́n fi kan àgbá rẹ̀. Ó gbé imú sí i. "Hẹ̀n." Ó tọ́ ọ wò. "Igi Spain." Ó tún tọ́ ọ. "Rárá, díẹ̀ nínú rẹ̀ jọ ti Amẹ́ríkà." Ó tún tọ́ ọ. Ó wo ìdí ife. Ife ti gbẹ. Ó wo Wattie, ó wo Senga.

"Kò tíì dá mi lójú," ló wí. "Senga, bu òmíràn, kí n lè dà á nù dáadáa."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n di méjì.

Nígbà tí ọdún kù díẹ̀ kó pin, Senga gbé ìgò Kinvarrich jáde. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wattie gbé ife sí imú, ó mu ún, ọ̀fun sì là fún un bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi òróró sí ìdè rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" ni Dod bi í, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Oyin ni. Èso tó pọ́n lórí igi ni, àti pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Kò ní àléébù kan. Wattie ti gbára dì fún ohun tó burú. Ó ti pinnu pé bó bá korò bí ewúro, òun á mu ún, òun á rẹ́rìn-ín. Kò gbára dì fún èyí.

"Ó dùn," ló wí. "Dod, ó dùn. Ì bá sàn kó burú."

Dod gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ń wo fèrèsé bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é níta.

Ọjọ́ ọdún tuntun dé. Yìnyín ti bo ilẹ̀, oòrùn ọ̀sán kò sì lágbára ju iná àbẹ́là lọ. Wattie fá irùngbọ̀n, ó so táì, ó fi èédú sí àpò ọ̀tún. Inú kóòtù, lábẹ́ abíyá, ni ìgò tó mú dání wà, Kinvarrich ni. Elgin ló wọ bọ́ọ̀sì lọ rà á, kí ojú má baà rí i. Àwọn àgbà ní oríburúkú ni bí onírun pupa bá kọ́kọ́ wọ ilé èèyàn lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n irun Wattie ti funfun, èyí tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa funfun. Ó kọjá afárá. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kọ́ ojú rẹ̀ bó ṣe máa rẹ́rìn-ín, débi pé àlùfáà tó pàdé rẹ̀ rò pé eyín ló ń dùn ún.

Ishbel ló ṣílẹ̀kùn. Ó tín-ín-rín sí i ju ti àtijọ́, irun rẹ̀ ti di eérú, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Òtútù mú o," ni Wattie wí.

"Ó mú lóòótọ́." Wọ́n dúró. Ishbel ní, "Ṣé o fẹ́ kí òtútù tẹ̀ lé ọ wọlé ni? Wọlé, jàre."

Àpótí ni gbogbo ilé, wọ́n ti dè wọ́n lókùn. Àga méjì ló kù nídìí iná, àti ife méjì. Wattie fi èédú síná. Ishbel mú ìgò kan láti orí fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó bu ọtí, ó gbé ife wá. Wattie gba ife. Ó múra ẹ̀rín. Ó gbé imú sí i, ó ń retí oyin, ó ń retí èso àti pákó.

Imú tí kì í ṣì í gé sọ fún un pé Torranmore ni.

Gbogbo ohun tó ti kọ́ dà rú mọ́ ọn lórí. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló ti ń gun òkè, ó wá gun òkè tán, wọ́n ní òkè yẹn kọ́! Kí ọpọlọ tó dé, ẹnu ti sáré ṣíwájú.

"Rárá o, kì í ṣe èyí!"

Ọ̀rọ̀ jáde tán kó tó gbọ́ ọ. Kò sí ajá níbẹ̀ mọ́. Bó bá wà ni, ì bá ti jáde.

Ishbel gbé ìgò sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Wattie Duguid," ló wí, "o tún ti ṣe é."

"Rárá! Dúró! Ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn!" Wattie ki ọwọ́ bọ kóòtù, bọ́tìnnì kan já, táì rẹ̀ yí sẹ́yìn, ìgò jáde. "Wò ó! Kinvarrich! Kinvarrich ni mo fẹ́! Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún, Ishbel. Mi ò tu ú mọ́. Bi Senga léèrè!"

Ishbel wo ìgò. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wattie rò pé ẹkún ni, ó fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀rín ni. Ó bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ń pa á lọ. Ó tún wò ó, ẹkún ni.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn Kinvarrich?"

"Ṣebí ọmọ Kinvarrich ni ọ́!"

"Ọtí bàbá mi ni. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí." Ó jókòó. "Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ti kọjá, mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Elgin, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí, mo máa ra Torranmore kan. Mo máa gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun. Alec á ní, 'Ishbel, àlejò wo lò ń retí tó ń mu Torranmore?' Mo máa ní, 'Ẹni tó bá dé.' Ó máa ń mu ún fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Èèyàn dáadáa ni Alec."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tí o ò padà wá? Bàbá mi ló bínú lọ́jọ́ yẹn. Èmi, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo dúró sórí afárá."

"Wọ́n gbé mi sórí èjìká," ni Wattie wí.

"Mo mọ̀. Mo ń gbọ́ orin náà láti òdìkejì odò."

Wattie gbé ife rẹ̀. Kò gbé imú sí i mọ́. Ó mu ún gbẹ, ó rọra mu ún, ojú obìnrin náà wà lára rẹ̀ títí tó fi tán. Torranmore ni, Torranmore tó sè, tó gé, tó mu ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ò tọ́ ọ wò rí. Ẹnu rẹ̀ ti rìn lọ rìn bọ̀. Ó wá mọ ohun tó wà nínú ọtí ilé ara rẹ̀, ó sì mọ ohun tí kò sí níbẹ̀.

"Má lọ," ló wí.

"Ilé ti di ti onílé mìíràn, Wattie. Ọmọ ọmọ mi ti ń rìn, kò mọ ojú mi." Ó ń yí ife tirẹ̀ lọ́wọ́. "Ohun tí a fi gbogbo ọjọ́ ayé sè, ta ló lè mu ún tán lọ́sẹ̀ kan?"

Iná ta pàrà. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú rẹ̀, Ishbel ní, "Wọ́n ní àwọn náà ti ń pọn wisikí níbẹ̀ báyìí, ní New Zealand."

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Ta ló mọ̀? Ẹni tó bá débẹ̀ ló máa sọ."

Wattie yí ojú wo àwọn àpótí tí wọ́n ti dè lókùn.

Ariwo wá bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Dod Geddes ni, ó ń kọrin, ìgò ní ọwọ́ méjèèjì, Senga ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀kùn kì í wà ní títì ní Ballindour. Ẹni tó bá dé á kàn ṣí i, á wọlé. Ishbel dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Gbàgbàgbà!

"Ìyá Grassick! Ẹ ṣílẹ̀kùn o! Kí ló ṣe ilẹ̀kùn yìí? Senga, kò ṣí!"

"Dod, dákẹ́. Wo ilẹ̀."

"Kí ló wà nílẹ̀?"

"Ipa ẹsẹ̀. Ó wọlé, kò tíì jáde."

Dod gbé ẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ: "Wattie! Ṣé o tu ú?"

Wọ́n gbọ́ bí Senga ṣe fà á létí lọ, àti bí yìnyín ṣe ń rún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn títí kò fi rún mọ́.

Ishbel padà wá jókòó. "O tu kí ni?"

Wattie sọ fún un. Ó sọ ti ojú Dod, ó sọ ti ọ̀sán ilé Senga. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí.

"Sọ fún mi bí àwọn yòókù ṣe rí," ló wí. "Èmi náà ò mọ̀ ju méjì yìí lọ."

Ọ̀rọ̀ tí a lè sọ tán kí omi tó hó ni. Wattie fa àga rẹ̀ súnmọ́ iná. Ìsàlẹ̀, lápá ààlà England, ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó sì ń kà á ní ewé kọ̀ọ̀kan. Èéfín Islay ṣì wà níwájú, Wattie sì mọ̀ pé ìborùn Ishbel ló wà lẹ́yìn èéfín náà. Ó ń rọra rìn, kí ọ̀nà má baà tètè tán.